Géèmù àtijọ́ tí wọ́n tún gbé sórí kọ̀ǹpútà: Bí ènìyàn ṣe lè tún bá ibi tó gbá a dé pàdé

Ẹni tó bá ti gbá Championship Manager 01/02 rí mọ̀ pé kì í ṣe géèmù tí ènìyàn ń fi ọ̀sán kan gbá tán. Ènìyàn á mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan tí kò lórúkọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á máa ra agbábọ́ọ̀lù, á máa tà wọ́n, á máa ṣọ́ owó ẹgbẹ́ bí ẹni ń ṣọ́ owó àjọ, títí tí ẹgbẹ́ náà yóò fi gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù. Kó tó débẹ̀, oṣù mẹ́fà lè ti kọjá lórí ẹni náà, kí kàlẹ́ńdà inú géèmù sì ti wọ ọdún 2015. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra bí ìgbín, tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n fọ́màtì rẹ̀. Wọ́n á fọ́màtì rẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Sídì géèmù ṣì wà nínú páálí, wọ́n á tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà, géèmù á sì ṣí wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún 2001 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Jay-Jay Okocha á ti padà sí Paris Saint-Germain, Kanu Nwankwo á ti padà sí Arsenal, ẹgbẹ́ kékeré ọjọ́sí á sì ti padà sí ìsàlẹ̀ tábìlì, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni géèmù àti ibi tí ènìyàn gbá a dé. Géèmù jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ̀dà rẹ̀ sì pọ̀ káàkiri ayé. Bí sídì kan bá fọ́, òmíràn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ibi tí ènìyàn gbá a dé jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó gbá a. Inú fáìlì kan ṣoṣo ló máa ń wà, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Fáìlì yìí kò sí lórí sídì rárá, kò sì lè sí níbẹ̀, nítorí sídì tó ti ilé-iṣẹ́ wá kì í gba àkọsílẹ̀ tuntun. Nítorí náà, títún géèmù gbé sórí kọ̀ǹpútà nìkan kò lè mú ohunkóhun padà bọ̀. Ó di dandan kí ènìyàn wá fáìlì ìpamọ́ náà rí, kó sì dá a padà síbi tí géèmù yóò ti wò ó.

Kì í ṣe gbogbo géèmù ló ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn láyé ọjọ́un kì í rántí nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti pa iná rẹ̀, ó parí. Àwọn mìíràn máa ń gbé ọ̀rọ̀ àṣírí gbọọrọ kan síta, tí ènìyàn yóò dà kọ sínú ìwé, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ padà lọ́jọ́ kejì láìṣi lẹ́tà kan. Nígbà tí Nintendo gbé The Legend of Zelda jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1987, bátìrì kékeré kan ló wà nínú ike géèmù náà tó ń tọ́jú ibi tí ènìyàn dé. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, ohun tó ń tọ́jú bá a kú. PlayStation àkọ́kọ́, tó jáde ní Japan ní 1994, lo káàdì tó gba 128 KB, tí wọ́n pín sí yàrá 15. Ti kọ̀ǹpútà rọrùn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, nítorí díìsìkì inú rẹ̀ láàyè, ẹ̀dà fáìlì sì rọrùn láti ṣe. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ibi tó wu ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi fáìlì tirẹ̀ sí, kò sì sí òfin kan tó so wọ́n pọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Championship Manager 01/02 dára láti fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí kò tíì kú. Ọmọ ìyá méjì kan, Paul àti Oliver Collyer, ni wọ́n dá géèmù náà sílẹ̀, ti àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì jáde ní 1992. Ilé-iṣẹ́ wọn, Sports Interactive, ló ṣe 01/02. Eidos ló gbé e jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ méjèèjì pínyà: orúkọ géèmù dúró sọ́wọ́ Eidos, àwọn tó ṣe é sì bá Sega lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Football Manager ní 2004. Nígbà tó yá, wọ́n yọ̀ǹda 01/02 kí ènìyàn máa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Títí di òní, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣì ń kó orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ìwòyí sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn Collyer kò lè lálàá rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó fi í sílẹ̀ fún ogún ọdún lè wá a padà, kó sì rántí pé òun ní ẹgbẹ́ kan tí òun kò tíì bá dé òpin.

Fáìlì ìpamọ́ rẹ̀ ni èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .sav, orúkọ tí ènìyàn fún un nígbà tó ń fi í pamọ́ sì ni yóò ṣíwájú rẹ̀. Gbogbo ayé géèmù náà ló wà nínú rẹ̀: orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ọjọ́ orí wọn, owó tí wọ́n ń gbà, èsì ìdíje, àti iye tó kù nínú àpò ẹgbẹ́. Nítorí èyí, bí ènìyàn bá tún géèmù gbé sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, fáìlì àtijọ́ rẹ̀ yóò ṣì gbé àwọn ti 2001 wá pẹ̀lú gbogbo ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ wọ́n dà. Ẹni tó bá ń retí àwọn tuntun nínú rẹ̀ yóò retí títí. Ohun tó yẹ kí ó bára mu ni ẹ̀dà géèmù fúnra rẹ̀. Sports Interactive gbé àtúnṣe jáde lẹ́yìn tí sídì ti wọjà, èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ sì ni 3.9.68. Fáìlì tí ènìyàn fi géèmù tí wọ́n ti tún ṣe pamọ́ lè kọ̀ láti ṣí nínú géèmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí sídì bọ́ sílẹ̀. Àtúnṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, kí fáìlì tó tẹ̀ lé e.

Inú fódà tí géèmù fúnra rẹ̀ wà ni àwọn fáìlì .sav yìí máa ń wà, èyí tí í ṣe C:\Program Files\Championship Manager 01-02 bí ènìyàn kò bá yí i padà. Ìròyìn ayọ̀ kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nígbà tí ènìyàn bá yọ géèmù kúrò lọ́nà tó tọ́, ohun tí ètò ìyọkúrò sábà máa ń kó dànù ni àwọn fáìlì tí òun fúnra rẹ̀ kó wọlé, tó sì ní àkọsílẹ̀ wọn. Fáìlì tí ènìyàn dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ó sì sábà máa ń ṣẹ́kù sínú fódà tó ti di ahoro. Ẹni tó bá tún géèmù náà gbé sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lè ṣí i kó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Àṣìṣe tó ń ba èyí jẹ́ ni ìmọ́tótó: ẹni tó bá rí fódà tó ṣẹ́kù, tó rò pé pàǹtírí ni, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Àwọn ètò ìyọkúrò kan tilẹ̀ wà tó ń gbá gbogbo fódà lọ láìbéèrè, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu láti gbójú lé èyí láìkọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú ni ìgbà tí Windows Vista dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ètò lórí kọ̀ǹpútà lè kọ ohun tó wù ú sínú Program Files. Microsoft rí i pé ọ̀nà tí àwọn kòkòrò àrùn kọ̀ǹpútà ń gbà wọlé nìyẹn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn náà: láti Vista títí di Windows 11, ètò tí kò bá ní àṣẹ alábòójútó kò lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò àtijọ́ ló ti wà tí kò mọ òfin tuntun yìí, àwọn géèmù sì pọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n má baà dákú lójijì, Microsoft ta ọgbọ́n kan. Bí ètò àtijọ́ bá gbìyànjú láti kọ fáìlì sínú Program Files, Windows yóò gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gbé e pamọ́ síbòmíràn, yóò sì sọ fún ètò náà pé ó ti dé ibi tó rán an. Fódà tí wọ́n ń kó wọn sí ni VirtualStore. Ó wà lábẹ́ AppData àti Local nínú fódà ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà, AppData sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn fódà tí Windows kì í fi han ojú lásán.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe wo inú fódà Championship Manager, tí wọn kò rí fáìlì .sav kankan, tí wọ́n sì gbà pé ó ti sọnù, nígbà tó jẹ́ pé ó wà lódindi ní VirtualStore. Ọ̀nà tó yá jù láti débẹ̀ ni kí ènìyàn tẹ %localappdata%\VirtualStore sí ojú ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì fódà sí, kó sì tẹ Enter. Níbẹ̀ ni yóò ti rí Program Files mìíràn, tàbí Program Files (x86) lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó jẹ́ 64-bit, fódà géèmù á sì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ní orúkọ tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ló ní VirtualStore tirẹ̀. Bí bàbá bá fi orúkọ tirẹ̀ wọlé tó gbá géèmù, ọmọ tó bá fi orúkọ mìíràn wọlé kò ní rí ohun tí bàbá fi pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géèmù kan náà ni àwọn méjèèjì ṣí.

Ìdẹkùn méjì ló wà nínú ètò yìí. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ alábòójútó. Bí géèmù àtijọ́ bá ń ṣe ségesège, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún ènìyàn ni kó tẹ Run as administrator kó tó ṣí i. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú tí géèmù bá ti gba àṣẹ yìí, Windows kò darí rẹ̀ sí VirtualStore mọ́. Inú Program Files gan-an ló ń wò. Gbogbo ohun tó ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ á wá di àwátì lójú rẹ̀. Kò sí ohun tó sọnù. Ojú ibi tí géèmù ń wò ló yí padà. Ìdẹkùn kejì ni orúkọ tó jọra. Bí fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bá wà, ọ̀kan nínú Program Files, èkejì ní VirtualStore, ti VirtualStore ni géèmù tí kò ní àṣẹ alábòójútó yóò ṣí. Ènìyàn lè dá fáìlì àtijọ́ padà sínú Program Files lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí géèmù ṣì máa gbé èyí tuntun tí kò ní láárí wá fún un. Ọ̀nà àbáyọ kúrò nínú wàhálà méjèèjì ni kí ènìyàn má ṣe gbé irú géèmù bẹ́ẹ̀ sínú Program Files rárá. Kó dá fódà kan sílẹ̀ lórí díìsìkì, irú bíi C:\Games, kó sì gbé e síbẹ̀. Níbẹ̀, ibi tí géèmù bá sọ pé òun fi nǹkan sí náà ni yóò wà.

Àwọn géèmù mìíràn ní ìwà tiwọn. Age of Empires II, tó jáde ní 1999, ń kó tirẹ̀ sínú fódà kan tó ń jẹ́ SaveGame lábẹ́ fódà géèmù, ìtàn VirtualStore sì kàn án bákan náà. Grand Theft Auto: San Andreas, tó dórí kọ̀ǹpútà ní 2005, kò bá wọn sí nínú ìyẹn. Inú My Documents ló ti ń dá fódà GTA San Andreas User Files sílẹ̀, àyè mẹ́jọ ló sì ní, láti GTASAsf1.b títí dé GTASAsf8.b. Yíyọ géèmù náà kúrò kì í sábà kan fódà yìí, àmọ́ fọ́màtì ń gbé e lọ. The Sims 2 ti 2004 náà wà nínú My Documents, lábẹ́ EA Games, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ kan: gbogbo fódà Neighborhoods ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kó pa pọ̀. Àwọn ará àdúgbò inú rẹ̀ mọ ara wọn, wọ́n sì ń rántí ara wọn; ẹni tó bá ṣa díẹ̀ nínú fáìlì wọn mú yóò ba ìyókù jẹ́. Plants vs. Zombies ti 2009 ń fi tirẹ̀ sí ProgramData lórí Vista àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, fódà mìíràn tó fara pamọ́. Ti géèmù Pinball tó máa ń bá Windows XP wá tún yàtọ̀ pátápátá: kò ní fáìlì ìpamọ́ rárá, inú registry Windows ni iye àmì tí ènìyàn gbà wà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó kó fódà rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kò fi bá àmì rẹ̀ níbẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ìyàtọ̀ yìí, ọgbọ́n kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fún géèmù tí ènìyàn kò mọ ibi tó ń fi fáìlì sí. Lẹ́yìn tí ó bá ti tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà, tó sì ti fi àtúnṣe sí i, kó ṣí i, kó bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, kó fi í pamọ́ pẹ̀lú orúkọ tí kò wọ́pọ̀, kó sì jáde. Lẹ́yìn èyí, kó wá gbogbo fáìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sórí díìsìkì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Fáìlì tuntun náà yóò fara hàn, ibi tó bá sì wà ni ibi tí fáìlì àtijọ́ gbọ́dọ̀ lọ. Á tún fi irú orúkọ tí géèmù náà ń retí hàn, èyí tó ṣe pàtàkì fún géèmù bíi San Andreas tó ń ka nọ́ńbà inú orúkọ: bí ènìyàn bá pe fáìlì rẹ̀ ní orúkọ tó wù ú, géèmù kò ní rí i. Kí ènìyàn tó dá fáìlì àtijọ́ padà, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan sílẹ̀ ná, nítorí àwọn géèmù kan ń kọ nǹkan lé fáìlì lórí nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Ẹni tó kó tirẹ̀ pamọ́ sórí sídì nígbà ayé Windows 98 lè rí i pé géèmù ń ṣí fáìlì náà ṣùgbọ́n kò lè fi ohun tuntun pamọ́ sórí rẹ̀. Àmì kíkà-nìkan tí sídì fi sára rẹ̀ ló fà á. Kí ó ṣí Properties fáìlì náà, kó yọ àmì tó wà níwájú Read-only kúrò.

Bí wọ́n bá ti fọ́màtì kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ó sinmi lórí ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Nígbà mìíràn, ohun tí ẹni tó tún un ṣe pè ní fọ́màtì kì í ṣe fọ́màtì. Ó kàn tún Windows gbé lé orí èyí tó wà níbẹ̀ ni. Láti Vista ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń kó gbogbo ẹrù àtijọ́ jọ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old, lórí díìsìkì C. Program Files àtijọ́ á wà nínú rẹ̀, fódà ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú VirtualStore rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò, kó sì yára wò ó, nítorí Windows 10 àti 11 sábà máa ń pa fódà yìí rẹ́ fúnra wọn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá.

Bó bá jẹ́ fọ́màtì gidi, tó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe wéréwéré, àtòjọ ibi tí fáìlì wà ló parẹ́. Àwọn fáìlì fúnra wọn lè ṣì wà lórí díìsìkì títí tí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè wọn. Gbogbo fáìlì tuntun tí wọ́n bá kó wọlé ló lè jókòó lé èyí tí ènìyàn ń wá lórí, títí kan géèmù tí wọ́n tún gbé sórí rẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n yọ díìsìkì rẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n sì fi ètò bíi Recuva tàbí PhotoRec yẹ̀ ẹ́ wò láti ibẹ̀. Lórí díìsìkì olóyìípo ti àtijọ́, ìrètí wà. Lórí SSD, ìrètí kò tó nǹkan, nítorí Windows máa ń sọ fún irú díìsìkì bẹ́ẹ̀ pé àyè kan ti ṣófo, díìsìkì náà á sì nu ibẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀ láìpẹ́.

Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé fáìlì wà lọ́wọ́, kó jẹ́ pé géèmù ni kò ṣí mọ́. Ọ̀pọ̀ sídì ìgbà náà ló ní ètò ìdáàbòbò SafeDisc, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ bí sídì gidi kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà. Windows 10, tó dé ní 2015, kò gbà á láàyè mọ́. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ju fáìlì rẹ̀ nù. Àwọn géèmù àtijọ́ kan ti padà wá lórí Steam àti GOG láìsí ìdíwọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń ka fáìlì àtijọ́. Steam náà ní ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì ìpamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti 2008, ṣùgbọ́n kìkì géèmù tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá so mọ́ ètò náà ló ń jàǹfààní rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà géèmù ni kò sì sí lára wọn.

Ewu kan kù tí kò kan fọ́màtì, tí àwọn tó ń gbá géèmù ní Nàìjíríà sì mọ̀ dáadáa ju àwọn ará ìlú òyìnbó lọ. Bí iná bá lọ lákòókò tí géèmù ń fi nǹkan pamọ́, fáìlì àtijọ́ lè ti parẹ́ nígbà tí tuntun kò tíì parí. Ohun tí ènìyàn yóò bá níbẹ̀ ni orúkọ fáìlì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0 KB, tàbí èyí tó kéré púpọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ètò ìwádìí kankan tó lè fi nǹkan sínú èyí tó ṣófo. Àwọn àgbà tó ń gbá Championship Manager ti rí ọgbọ́n tiwọn dá sí i: orúkọ méjì ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi ti òní pamọ́ sórí àkọ́kọ́, wọ́n á fi ti ọ̀la pamọ́ sórí ìkejì, kí ìkan má baà mú èkejì lọ. Ní òpin sáà bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣe ẹ̀dà kan sórí fíláàṣì, wọ́n á kọ ọdún inú géèmù náà mọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì yọ fíláàṣì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀.